Ọwọ́ Òsì Ló Di Báàsì Mú: Àkọsílẹ̀ Àwo Don Patterson ti Ọdún 1964

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1964, ènìyàn mẹ́ta kóra jọ sí sítúdíò Rudy Van Gelder ní Englewood Cliffs, ìpínlẹ̀ New Jersey, ní Amẹ́ríkà. Don Patterson jókòó sídìí dùùrù Hammond. Booker Ervin gbé fèrè tenor saxophone kọ́rùn. Billy James wà nídìí ìlù. Ẹni tó ń ta báàsì kò sí láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí onígìtá. Ilé-iṣẹ́ Prestige, tí Bob Weinstock dá sílẹ̀ ní 1949, ló ni iṣẹ́ náà. Orin márùn-ún ló jáde lórí àwo: "S'Bout Time", "Up in Betty's Room", "Oleo", "When Johnny Comes Marching Home" àti "The Good Life". Wọ́n sọ àwo náà ní The Exciting New Organ of Don Patterson.

Orúkọ yẹn ń polówó dùùrù, kò sì burú, torí ọjà ni ilé-iṣẹ́ fẹ́ tà. Láti 1956 tí atẹdùùrù Jimmy Smith ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwo fún Blue Note ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ jazz ti ń wá atẹdùùrù tiwọn kiri. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwo yìí ṣe dúró, kó gbójú kúrò lára ọwọ́ ọ̀tún Patterson, kó máa ṣọ́ ọwọ́ òsì. Iṣẹ́ ẹni kẹrin tí kò wá ni ọwọ́ yẹn ń ṣe. Ohun gbogbo yòókù, láti orí ẹsẹ̀ onílù dé orí abẹ́rẹ́ tó gé àwo, òun ni wọ́n ń tẹ̀lé.

Àwọn mẹ́ta náà

Columbus, ní Ohio, ni wọ́n ti bí Patterson ní 1936. Pianó ló kọ́kọ́ tẹ̀. Ìgbà tó gbọ́ Jimmy Smith ní 1956 ló yà sídìí dùùrù. Ẹni tó bá ti orí pianó bọ́ sídìí Hammond ní ìwà méjì tó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni agbára ọwọ́: bó gbá kíì bí ẹni jà, bó fọwọ́ bà á jẹ́jẹ́, bákan náà ni yóò dún. Èkejì ni pé ohùn dùùrù kì í kú fúnra rẹ̀. Nóòtì pianó ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti tẹ̀ ẹ́. Ti Hammond ń dún ní ìwọ̀n kan ṣoṣo títí ìka yóò fi kúrò. Èkejì yìí ló ń yọ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́nu jù, nítorí báàsì ni ìyọnu rẹ̀ ti ń hàn.

Ervin, ọmọ Denison ní Texas tí a bí ní 1930, ti fun fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin jazz Charles Mingus kó tó di ọ̀gá ara rẹ̀. Ní ọdún 1964 kan náà, Prestige ń gba àwọn àwo tirẹ̀ sílẹ̀: The Song Book nínú oṣù Kejì, The Blues Book nínú oṣù Kẹfà. Richard Davis ló ta báàsì nínú méjèèjì, Davis kì í sì í dúró sójú kan. Ó ń rìn gbéregbère, ó ń fi nóòtì bi afunfèrè ní ìbéèrè. Àárín àwo méjèèjì yẹn ni Ervin wá bá Patterson, níbi tí báàsì ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ kan tó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́rùn. Ní tèmi, ẹni tó bá fi àwọn àwo wọ̀nyẹn gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí ni yóò mọ ohun tó yí padà nínú ìfunfèrè Ervin: níhìn-ín, ìgbòkègbodò orin wà lọ́rùn òun àti onílù, torí ìsàlẹ̀ kò ní yẹ̀.

Patterson àti James kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra. Àwọn méjèèjì ti ń bá afunfèrè Sonny Stitt ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti bá a ṣe àwo fún Prestige. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe dà bíi pé ó mọ lọ. Níbi tí báàsì àti kọ́ọ̀dù (nóòtì púpọ̀ tó ń dún pọ̀) ti ń ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo jáde, onílù gbọ́dọ̀ ti mọ bí ẹni náà ṣe ń mí.

Ibi tí báàsì ti ń wá

Hammond B-3 àti C-3 kò yàtọ̀ nínú; àpótí igi ìta nìkan ló yà wọ́n. Torí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ṣe fi pákó bo ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ C-3, kí ẹsẹ̀ atẹdùùrù má baà hàn sí ìjọ. Ìpele kíì méjì ló ní, 61 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú pẹ́dà ẹsẹ̀ 25. Nínú rẹ̀, wíìlì onírin 91 ń yí níwájú mágínẹ́ẹ̀tì tí a fi wáyà wé, yíyí wọn ló ń di ohùn. Ọ̀pá drawbar mẹ́sàn-án ló wà fún ìtò kan, tí a ń fà síta láti 0 dé 8. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi ìpele ohùn kan kún nóòtì tí a tẹ̀.

Ìtò tí àwọn atẹdùùrù jazz mọ̀ mọ ọwọ́ òsì, lórí kíì ìsàlẹ̀, ni 838000000: ọ̀pá kìíní àti ìkẹta dé òpin, ìkejì dé 3, ìyókù wọlé pátá. Ti ọwọ́ ọ̀tún, lórí kíì òkè, ni 888000000, pẹ̀lú percussion tí a gbé sí ohùn kẹta, tí a jẹ́ kó tètè kú, tí a sì rọ̀ ní ìwọ̀n. Percussion ni ìró kúkurú tó ń ta bí ìka bá kọ́kọ́ balẹ̀. Ohun méjì ló yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀pá kẹsàn-án ti òkè kò ní dún mọ́, bó ti wù kí a fà á tó. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ta bí ìka kan bá ṣì wà lórí kíì. Ẹni tó ń so nóòtì pọ̀ mọ́ra kò ní gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìyẹn ló fà á tí gbólóhùn orin àwọn atẹdùùrù jazz fi máa ń já gaara, ìka kan á ti gbéra kí èkejì tó balẹ̀.

Ibi tí báàsì lè rìn dé kéré ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Wíìlì 12 tó rẹlẹ̀ jù, láti 32.7 hertz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) dé nǹkan bíi 62, pẹ́dà ẹsẹ̀ nìkan ló ń lò wọ́n. Ohùn tó rẹlẹ̀ jù tí ọwọ́ lè tẹ̀ jáde jẹ́ 65.4 hertz, bẹ́ẹ̀ okùn tó rẹlẹ̀ jù lára báàsì onígi, ìyẹn E, ń dún ní 41.2. Ewu tó wà níbẹ̀ kò mọ síbẹ̀. Bí ọwọ́ òsì bá ń sọ̀ kalẹ̀ dé C kejì láti apá òsì, ọ̀pá kìíní ṣì ń gbé ohùn 65.4 wá. Bó bá fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kọjá lọ sí B, ọ̀pá náà kò ní wíìlì tí yóò lò mọ́, yóò padà lo èyí tó ga sí i, báàsì yóò sì fò sókè lójijì dé nǹkan bíi 123 hertz. Ẹni tó mọ̀ ọ́n a máa yí padà kó tó dé C yẹn. Nítorí náà, àyè tí ọwọ́ òsì ní kò ju octave kan àbọ̀ lọ (octave ni àlàfo láti C kan dé C tó tẹ̀lé e), kó tó lọ kọlu ọwọ́ ọ̀tún.

Kí ni wọ́n wá ń fi ẹsẹ̀ ṣe? Ọ̀pọ̀ atẹdùùrù jazz kì í fi pẹ́dà ta orin báàsì tó bá yára. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ òsì kan pẹ́dà kan tàbí méjì fẹ́rẹ́, ní bíìtì kọ̀ọ̀kan, kó lè fi ìró "dù" kékeré kún nóòtì tí ọwọ́ òsì ń tẹ̀. Ẹ̀yìn ìró yẹn ni a ti ń gbọ́ ohun tó jọ ìka tó ń ta okùn. Ìró "kẹ́" tí kíì ń ṣe, nígbà tí wáyà mẹ́sàn-án tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá fara kan irin, ń ran èyí lọ́wọ́. Àbùkù ni àwọn ẹlẹ́rọ Hammond ka ìró "kẹ́" náà sí. Àwọn onijazz ni wọ́n sọ ọ́ di ẹwà.

Àwa tó ń ka èyí ní Yorùbá kò ṣàjèjì sí dùùrù Hammond nínú jazz o. Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní 1905, ti ń tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọrin Adelaide Hall nílé ìgbafẹ́ Florida Club, nígbà tí Patterson ṣì jẹ́ ọmọdé.

Ibi tí wàhálà wà

Ẹsẹ̀ ọ̀tún atẹdùùrù wà lórí pẹ́dà tó ń gbé ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni, ó sì kó gbogbo dùùrù pọ̀: kíì òkè, kíì ìsàlẹ̀ àti báàsì ẹsẹ̀. Bí Ervin bá ń dárà tí Patterson sì fẹ́ kí kọ́ọ̀dù rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi pẹ́dà yẹn rọ̀ ọ́, torí báàsì yóò bá a lọ, orin yóò sì ṣófo nísàlẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́ síwájú nígbà tó kan òun, báàsì náà yóò wú. Ibi tí a ti ń yanjú rẹ̀ ni ọ̀pá drawbar: a ń ti ti òkè wọlé díẹ̀ nígbà tí fèrè ń sọ̀rọ̀, a sì ń fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Iye nóòtì náà ń dín kù. Kọ́ọ̀dù onínóòtì méjì, ìkẹta àti ìkeje, tó, nítorí ọwọ́ òsì ti sọ ìdí kọ́ọ̀dù. Tenor bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 104 hertz lọ sókè, ìyẹn sì ni àárín ilé kan náà tí kọ́ọ̀dù dùùrù ń gbé. Atẹdùùrù tó bá fi nóòtì márùn-ún kún kọ́ọ̀dù ti bo afunfèrè mọ́lẹ̀.

Nígbà tó bá wá kan dùùrù láti dárà, kọ́ọ̀dù kò sí rárá. Ọwọ́ ọ̀tún ń sọ ìtàn, ọwọ́ òsì ń rìn, ọwọ́ kẹta kò sì sí. Etí olùgbọ́ ni yóò máa fọkàn dá kọ́ọ̀dù náà mọ̀ láàárín ìlà méjì. Nítorí náà ni báàsì kò fi gbọdọ̀ ṣìnà: nóòtì tó bọ́ sí bíìtì kìíní báà kọ̀ọ̀kan (báà ni ìdìpọ̀ bíìtì mẹ́rin) ló ń sọ ibi tí orin wà.

"Oleo" ló dán èyí wò jù. Sonny Rollins ló kọ ọ́, Prestige kan náà sì ló kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀, pẹ̀lú Miles Davis, ní 1954. Báà 32 ni, lórí kọ́ọ̀dù "I Got Rhythm". Orin àkọsílẹ̀ kò sí fún báà mẹ́jọ àárín. Kí ẹni tó bá wà nídìí rẹ̀ dárà níbẹ̀ ni. Ìṣirò rẹ̀ rèé: bí a bá ta á ní bíìtì 240 ní ìṣẹ́jú kan, nóòtì báàsì mẹ́rin ló ń lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyípo kan gbà 128 nóòtì, ó sì parí ní ìṣẹ́jú àáyá 32. Ìyípo mẹ́wàá jẹ́ 1,280 nóòtì fún ọwọ́ òsì nìkan, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún kò gbọdọ̀ mọ̀ pé ó ń rẹ̀ ẹ́. Kọ́ọ̀dù ń yí padà ní bíìtì méjì méjì. Bí ìka bá pẹ́ kó tó kúrò, nóòtì méjì á rọ́ lura wọn, ìsàlẹ̀ á dàrú. Bó bá yá jù, ihò á wà láàárín, orin á máa sáré bí ẹni tí ń kọsẹ̀.

"When Johnny Comes Marching Home" ń fún ọwọ́ náà ní ìsinmi. Orin àwọn ọmọ ogun ni láti 1863, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, Patrick Gilmore ló kọ ọ́. Jimmy Smith ti ta á lórí Crazy! Baby ní 1960, àwọn olùgbọ́ dùùrù ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Kọ́ọ̀dù rẹ̀ kò pọ̀, ohùn ìbànújẹ́ ló wà nínú rẹ̀, a sì lè dúró pẹ́ lórí ibi kan. Irú ilẹ̀ yẹn ló yẹ Ervin, tó máa ń na nóòtì kan bí ẹni ń ké lókèèrè. "The Good Life" ni mo rò pé ó le jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yára. Orin jẹ́jẹ́ ni. Nínú orin jẹ́jẹ́, àbùkù nóòtì tí kì í kú ń hàn ketekete. Ẹni tó ń ta báàsì onígi á ta ẹ̀ẹ̀kan, á jẹ́ kó rẹ̀. Atẹdùùrù gbọ́dọ̀ pinnu gan-an ìgbà tí nóòtì yóò dópin.

Ti James, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ni ká ṣọ́. Ìlù ńlá ẹsẹ̀ ń dún ní agbègbè kan náà tí báàsì dùùrù wà. Onílù tó bá gbá a gidi ní bíìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa ọwọ́ òsì Patterson rẹ́ nìyẹn. A ń fọwọ́ rọ̀ ọ́ débi pé a kò mọ̀ pé ó wà, a sì ń fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí a fẹ́ ta ohun kan jí. Awo onírin ńlá (cymbal) tí ọwọ́ ọ̀tún ń lù ni ìlù gbáralé, pẹ̀lú awo méjì tí ẹsẹ̀ òsì ń pa dé ní bíìtì kejì àti ìkẹrin.

Nínú sítúdíò

Van Gelder, tó ti ń ṣe iṣẹ́ awò ojú tẹ́lẹ̀, kọ́ sítúdíò náà ní 1959. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ igi, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 39, inú rẹ̀ sì dà bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Tààrà sórí téèpù onípa méjì ló ń gba jazz sílẹ̀ ní àkókò yẹn. Ìwọ̀n tó bá wà láàárín dùùrù, fèrè àti ìlù nígbà tí wọ́n ń ṣeré ni yóò wà lórí àwo. Kò sí pé a ó padà wá gbé báàsì sókè lọ́la.

Ẹni tó bá fẹ́ gba irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ lónìí yóò pàdé ìṣòro rẹ̀ lára Leslie, ìyẹn àpótí sípíkà tó ń yí. Ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 40 wátì. Ohùn tó kọjá 800 hertz ń lọ sí ìwo òkè, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń lọ sí sípíkà oníǹṣì 15 tó dojú kọ ìlù onígi kan tó ń yí nísàlẹ̀. Gbogbo orin báàsì ọwọ́ òsì ló wà lọ́dọ̀ sípíkà yẹn. Bó bá ń yára yí, báàsì á máa wárìrì ní nǹkan bí ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nóòtì mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò lè dúró ṣinṣin lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ dá a dúró tàbí kí ẹ jẹ́ kó lọ́ra bí báàsì bá ń rìn.

Máíìkì méjì fún òkè, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà sí ojú ihò, kí ẹ má sì kọjú wọn sí ihò náà gan-an, torí ìwo tó ń yí ń fẹ́ atẹ́gùn. Ọ̀kan fún ìsàlẹ̀. Kí ẹ̀yìn máíìkì fèrè kọ sí Leslie, kí ẹ sì gé ohun gbogbo tó wà lábẹ́ 80 tàbí 90 hertz kúrò nínú rẹ̀. Tenor kò ní nóòtì kankan níbẹ̀, ohùn báàsì nìkan ni yóò bá a wọlé. Bí ẹ kò bá gé e, ohun kan wà tí yóò dà yín láàmú. Ìgbì ohùn 65.4 hertz gùn tó mítà 5.2. Bí báàsì bá rin mítà 2.6 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó dé máíìkì fèrè, ìdàkejì ló máa dé. Bí ẹ bá gbé fèrè sókè, báàsì á rẹlẹ̀, ẹ ó sì máa bú atẹdùùrù láìmọ̀dí.

Iná náà ní ọ̀rọ̀. Mọ́tò tó ń yí wíìlì ń tẹ̀lé ìgbọ̀n iná. Hammond tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, tó ń lo 60 hertz, tí ẹ bá gbé wá sí Nàìjíríà tàbí Lọ́ńdọ̀n lórí 50, yóò rẹlẹ̀ ju ìdajì ohùn mẹ́ta lọ díẹ̀: A 440 á di nǹkan bíi 367, tó kéré díẹ̀ sí F sharp (F#). Tíránsífọ́mà kò lè tún ìyẹn ṣe, fólítì nìkan ló ń yí. Ẹ̀rọ tó ń yí ìgbọ̀n iná padà ni ẹ nílò. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń mì, gbogbo orin á máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Láti tan dùùrù náà, ẹ di switch Start mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, ẹ tan Run láìtíì fi Start sílẹ̀, ẹ dúró mẹ́rin sí i, kí ẹ tó fi Start sílẹ̀. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ kí mọ́tò tó dé ìyára rẹ̀, dùùrù kò ní gba ohùn tó tọ́.

Lórí àwo

Van Gelder fúnra rẹ̀ ló máa ń gé púpọ̀ nínú àwo tó gbà sílẹ̀, orúkọ tàbí àmì rẹ̀ sì wà lára ihò tó kẹ́yìn ní àárín àwo. Báàsì ń jẹ ààyè lórí àwo: gbígbọ̀n ńlá ló jẹ́, ihò á fẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ àwo kan bá ti ń sún mọ́ ìṣẹ́jú 20, ẹni tó ń gé e ń ronú bí yóò ṣe rọ báàsì kí abẹ́rẹ́ má baà fò. Báàsì tó yàtọ̀ ní etí òsì àti etí ọ̀tún tún burú jù, torí ó ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gòkè sọ̀kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kó ohùn ìsàlẹ̀ jọ sáàárín kí a tó gé e.

Bó bá jẹ́ orí fóònù ni ẹ ti ń gbọ́ àwo yìí, sípíkà rẹ̀ kò dé 65 hertz, kò sún mọ́ ọn rárá. Ìró "kẹ́" àti ohùn òkè báàsì nìkan ni ẹ ó gbọ́, ẹ ó sì rò pé Patterson tẹ̀ é fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ lo agbọ́hùn etí tó dára, ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí "Oleo", ní ibi tí Ervin ti dákẹ́ tí dùùrù sì gba orin.